Àníyàn tí kì í jẹ́ ká sùn lóru: ohun tó ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń bà á jẹ́, àti ìdí rẹ̀

Ìmọ́lẹ̀_Àárọ̀ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀) · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ọkọ̀ ti ń gun orí ara wọn ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé síbí lóríṣiríṣi: aago méjì òru lù, ojú là kalẹ̀, àyà ń lù kìkìkì, orí ń gbóná, gbèsè, owó ilé-ìwé ọmọ àti àìsàn òbí ń lọ ń bọ̀ nínú ọkàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń rí gbà ni "má rò ó mọ́". Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba èèyàn nímọ̀ràn nílé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó ohun tó péye jọ: ìṣẹ́jú mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, kí ló máa ń bà á jẹ́, kí ló sì fà á. Ìtàn ara ẹni ti pọ̀ níbòmíràn. Ọ̀nà là ń wá níbí.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 8:52 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara, torí ara ló kọ́kọ́ ń pariwo. Tí ẹ̀rù bá ti ba èèyàn, adrenaline, èròjà tí ara fi ń múra ìjà tàbí eré sísá, á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré, ẹran ara á le, èémí á máa wá láti òkè àyà nìkan. Ara kò mọ̀yàtọ̀ láàárín olè tó ń já ilẹ̀kùn àti owó ilé tó ku oṣù kan kó tó pé. Ohun kan náà ló ń ṣe fún méjèèjì.

Ẹnikẹ́ni ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó má sáré. Ṣùgbọ́n èémí wà níkàáwọ́ wa, ọkàn sì ń tẹ̀ lé e. Tá a bá ń mí sínú, ọkàn á yára díẹ̀. Tá a bá ń mí síta, á rọra. Ìdí nìyẹn tí mímí síta fi gbọ́dọ̀ gùn ju mímí sínú lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ dùbúlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́ kan lórí ikùn, ọ̀kan lórí àyà. Ẹ fi imú mí sínú, kẹ́ ẹ rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ tó wà lórí ikùn ni kó gbéra. Ti orí àyà kó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ mí síta, kẹ́ ẹ kà á dé ẹ̀fà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún èémí kan, èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, ìyẹn èémí 30.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni pé àwọn èèyàn máa ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù, torí wọ́n ti gbọ́ pé "ẹ mí kanlẹ̀". Carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ á wá dín kù, òòyì á máa kọ́ wọn, ìka ọwọ́ àti ètè á máa ṣe wọ́n jíníjíní, wọ́n á ní àrùn ọkàn ti dé. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ dín ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń fà kù, ẹ má yí kíkà padà. Ẹ má sì dá èémí dúró láàárín. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè fi ẹ̀ta sínú, àrún síta ṣe é.

Ohun kejì: ẹ má dúró dìgbà tí àyà bá ń já kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà tí ara bá balẹ̀, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde àti nírọ̀lẹ́. Ohun tí ara kò tíì mọ̀ lọ́sàn-án kì í gbọ́ ọ lóru.

Ọmọ_Mushin · 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń ṣọ́ èémí wọn báyìí ni ìpayà ń pọ̀ sí i. Kí ni tiwọn?

Nọ́ọ̀sì_Òru · 9:41 àárọ̀

Wọ́n pọ̀, kì í ṣe àṣìṣe wọn. Kí wọ́n fi èémí sílẹ̀, kí wọ́n gbé ọkàn lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀: kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ títí tí ara á fi mọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe tutù tó, kí wọ́n wá dárúkọ ohun márùn-ún tí ojú ń rí, mẹ́rin tí ọwọ́ lè kàn, mẹ́ta tí etí ń gbọ́. Kí wọ́n sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kì í ṣe nínú ọkàn. Ẹnu tó ń dárúkọ nǹkan kì í rọrùn fún un láti máa ro gbèsè.

Ọ̀nà míì ni ti fífún ẹran ara le kó tó rọ̀, èyí tí Edmund Jacobson, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí méje, kẹ́ ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì fi 20 sí 30 ìṣẹ́jú àáyá fetí sí bó ṣe ń rọ̀. Láti ọwọ́, ẹ bọ́ sí apá, iwájú orí, eyín, èjìká (ẹ gbé e sún mọ́ etí), ikùn, itan, ojúgun. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 15. Ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára yín ti tó. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ṣe é á fi ìrora sùn. Ní ti ojúgun, ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ má nà án síwájú, torí nínà ló ń mú kí iṣan ẹsẹ̀ fà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó máa mí lọ bó ṣe ń fún ara le.

Alásùnbáàrù · 10:05 àárọ̀

Mo fẹ́ fi ti àdúrà kún un, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba ibẹ̀ rí ìfọ̀kànbalẹ̀, kò sì yẹ ká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwádìí kan tí àwọn ará Ítálì tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé àwọn tó ń ka rosary ní èdè Látìn, láìmọ̀, ń mí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn iye tí nọ́ọ̀sì sọ gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe dhikr àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Sáàmù sórí lè lò ó báyìí: ẹ mí sínú ní ìdákẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo mímí síta ka gbólóhùn kan jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àdúrà ogun ńlá yàtọ̀ o. Kíké àti pípàtẹ́wọ́ dára láyè tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ara dìde ni. Ẹ parí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan ó kéré tán kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹni tó bá sì ṣe ìsọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, kó jí láàárọ̀ Sátidé ní àkókò tó sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá, kó wá fi oorun ọ̀sán ìṣẹ́jú 20 sí 30 kún un kó tó di aago mẹ́ta. Sísùn di ọ̀sán gangan ló ń ba alẹ́ Sátidé àti ti ọjọ́ Àìkú jẹ́.

Olùfetísílẹ̀ · 11:30 àárọ̀

Ara ti balẹ̀. Ó ku ìrònú. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ronú ti gbé iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe fún yín. Èyí tó ṣeé ṣe ni kẹ́ ẹ dá àkókò fún ìrònú. Thomas Borkovec àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pennsylvania State University gbé àbájáde ìwádìí lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1983, a sì ń lò ó títí dòní.

Ẹ wá ìwé kan àti báírò. Ẹ yan àkókò kan tí kò ní yẹ̀ lójoojúmọ́, ká ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kó jìnnà sí oorun tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ jókòó sórí àga. Ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fa ìlà sáàárín ojú ìwé náà. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn lọ́sẹ̀ yìí. Lápá ọ̀tún, ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín.

Gbogbo ohun tó bá wà lápá òsì gbọ́dọ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, ọjọ́ rẹ̀, àti ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀. "Owó ilé-ìwé" kì í ṣe ìgbésẹ̀. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ, kí n lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kó jẹ́ kí n san án lẹ́ẹ̀mẹta" ni ìgbésẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ gbólóhùn kan péré: ohun tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó lè ṣẹlẹ̀, àti ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù tí kò lórúkọ ló ń pọ̀ sí i lóru. Èyí tá a ti kọ sílẹ̀ kì í ju bó ṣe rí lórí ìwé lọ.

Láàárín ọjọ́, tàbí tẹ́ ẹ bá tají lóru tí àníyàn bá yọjú, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, "gáàsì", "lóònù", "ẹ̀gbọ́n", kẹ́ ẹ sọ fún un pé ó di aago márùn-ún àbọ̀. Kó jẹ́ ìwé o, kì í ṣe fóònù. Ẹni tó bá ṣí fóònù láti kọ "lóònù" á rí WhatsApp kó tó kọ ọ́ tán.

Níbo ló ti máa ń dàrú? Àkọ́kọ́, kí ìṣẹ́jú 30 di wákàtí méjì. Ẹ yí aago sí i, tó bá dún, ẹ dìde, ẹ lọ fọ abọ́. Ìkejì, kí ara yá díẹ̀ kẹ́ ẹ wá fo ọjọ́ mẹ́ta. Ọkàn á mọ̀ pé ìlérí yẹn kì í ṣe òótọ́, á sì padà sí aago méjì òru rẹ̀. Ìkẹta, kí ohun kan náà wà lápá òsì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí ìṣísẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ kọ ti tóbi jù, tàbí kó jẹ́ pé apá ọ̀tún ló yẹ kó wà.

Ọmọ_Mushin · 12:02 ọ̀sán

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n. Ìṣòro ọ̀pọ̀ èèyàn kò sí nínú ọpọlọ wọn. Owó ni. Ẹni tí onílé ti ní kó kó jáde, tí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ni ìwé àti báírò máa ṣe fún un?

Olùfetísílẹ̀ · 12:48 ọ̀sán

Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá, òótọ́ lẹ sọ. Èémí kì í san owó ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì ló ń tọwọ́ bọ ìwé lóònù kejì láti fi san àkọ́kọ́. A fẹ́ kó sùn kó lè rí ọ̀nà, lẹ́yìn náà a bá a wá ọ̀nà.

Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, Dixon Chibanda tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ dá ètò Friendship Bench sílẹ̀ lọ́dún 2006. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà ló ń jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn àdúgbò. Ìwádìí lórí èèyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọkàn àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà fúyẹ́ dáadáa ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Òṣì kò sì tíì kúrò lọ́rùn wọn nígbà náà.

Iṣẹ́ àwọn ìyá yẹn kọjá kí wọ́n kàn máa sọ pé "á dáa". Wọ́n á jẹ́ kí èèyàn ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ jáde lẹ́nu láìjálu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa mú ẹyọ kan. Wọ́n á jọ to gbogbo ọ̀nà tó ṣeé ṣe sílẹ̀, títí kan èyí tó dà bí ẹ̀fẹ̀, wọ́n á mú ọ̀kan tó lè ṣe kó tó padà wá, tó bá sì padà dé, wọ́n á bi í bó ṣe lọ. Ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tó mọ ẹnu dákẹ́ lè ṣe èyí nílé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùrànlọ́wọ́ bá a mú ìṣòro tó tóbi jù. Ẹ jẹ́ kó mú kékeré ṣáájú. Ọwọ́ tó ti tú ìdè kan á tún lè tú òmíràn.

Ẹ̀yin sọ ti onílé. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tí àdéhùn yín kò bá sọ ohun mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí ayálégbé olọ́dọọdún, oṣù kan sì ni ti olóṣooṣù. Òfin yẹn yọ àwọn àdúgbò kan sílẹ̀, bí Ìkòyí àti Victoria Island. Citizens Mediation Centre ìjọba Èkó ń bá ayálégbé àti onílé parí ìjà láìgba owó. Ní ti àwọn olówó orí fóònù, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti ní ìlànà fún wọn láti ọdún 2022. Ẹ tọ́jú àwòrán gbogbo ìhàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Apá òsì ni gbogbo ìwọ̀nyí wà lórí ìwé yẹn.

Apòògùn_Kékeré · 2:17 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohun tí a ń gbé mì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn lé oorun.

Kaféènì máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún kó tó dín sí ìdajì nínú ara ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tẹ́ ẹ mu ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Kọfí àti tíì nìkan kọ́ o: obì ní in, gbànja àti àbàtà, ohun mímu amárayágágá inú agolo náà ní in. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni oògùn ẹ̀fọ́rí. Paracetamol tí wọ́n fi kaféènì sí máa ń ní 65 mg nínú oògùn kan; ẹni tó bá lo méjì lálẹ́ torí orí ń fọ́ ọ ti mu 130 mg, ó ju ife tíì kan lọ. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Tó bá di ọ̀sán, paracetamol lásán ni kẹ́ ẹ lò.

Ọtí, àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ń tètè gbé èèyàn lọ lóòótọ́. Bí ara bá ti ń lọ̀ ọ́ tán, oorun á fọ́ sí wẹ́wẹ́, èèyàn á jí ní aago mẹ́ta pẹ̀lú òógùn àti àyà tó ń lù. Òun gan-an ló wá ń dá àníyàn òru tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ mu ún sílẹ̀.

Diazepam àti bromazepam, àwọn oògùn tó ń mú ara balẹ̀ tó sì ń múni sùn: mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á ní kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara ti lè mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Gìrì lè gbé e. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá pò ó mọ́ ọtí tàbí tramadol ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré, torí gbogbo wọn ló ń dín èémí kù. Chlorpheniramine, oògùn ara yíyún tí àwọn èèyàn ń lò bí oògùn oorun, kì í ṣiṣẹ́ pẹ́, ó sì ń da àgbàlagbà lọ́kàn rú, ó ń dí ìtọ̀ ọkùnrin tí próstéètì rẹ̀ ti tóbi, ó sì ń mú kí wọ́n ṣubú lóru.

Oníyàrá_Kan · 3:40 ọ̀sán

Gbogbo ìwé ló ń sọ pé ká fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún oorun nìkan, tí oorun kò bá dé ká lọ sí pálọ̀. Pálọ̀ wo? Èèyàn márùn-ún nínú yàrá kan, àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lójú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 4:26 ìrọ̀lẹ́

Òfin yẹn ti ọwọ́ Richard Bootzin, onímọ̀ nípa oorun ará Amẹ́ríkà, wá lọ́dún 1972. Ìdí rẹ̀ ni pé tí èèyàn bá ń sun àìsùn lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù púpọ̀, ara á kọ́ pé ibi àníyàn ni bẹ́ẹ̀dì. Ìyípadà ipò ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe pálọ̀. Ẹ tẹ́ ẹní kan tàbí kẹ́ ẹ fi àga kan sí igun yàrá, kó di ibi ìjókòó òru. Tó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò dé, ẹ dìde lọ síbẹ̀. Ẹ fojú díwọ̀n ìṣẹ́jú náà o, ẹ má wo aago, torí wíwo aago ni ìṣirò "ó ku wákàtí mẹ́ta" ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe nǹkan tí kò gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ tí kò sì dùn jù: ẹ ká aṣọ, ẹ ṣa ẹ̀wà ọ̀la. Tí ojú bá kún fún oorun, ẹ padà. Tó bá gba ẹ̀ẹ̀mẹta lóru kan, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Nípa iná ìjọba: kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ pa gbogbo swíìṣì iná àti tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ fi ti fáànù nìkan sílẹ̀. Iná tó dé ní aago méjì á tutù sí yín lára, kò ní là yín lójú. Tó bá jẹ́ pé òru lẹ̀ ń fa omi, ẹ pín in láàárín ilé, kó má jẹ́ pé èèyàn kan náà ló ń fetí sílẹ̀ dúró de iná lójoojúmọ́. Ẹni tó ń retí ariwo kì í sùn wọra.

Lásìkò ooru, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì kẹ́ ẹ tó sùn. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ooru inú á jáde, ara tó ń tutù díẹ̀díẹ̀ ló ń ké sí oorun. Ẹ má yọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn torí ooru.

Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo nìkan. Tí gbogbo ará ilé bá ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá ti jáde síta, carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe àníyàn. Kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ilé. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ wà ní kọ́rídọ̀, ní bàkónì tàbí lẹ́bàá fèrèsé, tiyín tàbí ti aládùúgbò.

Oníṣirò_Oorun · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Fún àwọn tí àìsùn wọn ti lé ní oṣù mẹ́ta, ohun tó lágbára jù ni dídín wákàtí orí bẹ́ẹ̀dì kù. Arthur Spielman, onímọ̀ nípa oorun ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1987. Ó lòdì sí ohun tí ọkàn ń sọ, torí ẹni tí kò sùn máa ń fẹ́ tètè dùbúlẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ máa kọ àkókò tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, àkókò tẹ́ ẹ dìde, àti iye wákàtí tẹ́ ẹ rò pé ẹ sùn. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ká ní ẹ ń dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ẹ ń dìde ní aago márùn-ún àbọ̀, ẹ sì ń sun wákàtí márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún márùn-ún: wákàtí márùn-ún àbọ̀ ni àyè yín. Àkókò jíjí kì í yí, torí náà aago méjìlá òru lẹ máa tó dùbúlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí oorun ọ̀sán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tẹ́ ẹ bá ń sun ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àyè yẹn, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 40, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún un: aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa fi kún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí kò bá tó 85, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ wákàtí márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, oorun á máa kùn yín lọ́sàn-án. Nítorí náà, àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ tó lè gé èèyàn, aboyún, ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tí oníṣègùn ti sọ pé ó ní àrùn ọpọlọ tó ń gbé inú rẹ̀ dùn lódìlódì lẹ́yìn náà tó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀: ẹ má dán an wò fúnra yín.

Òru_Ìlú_Ọba · 9:33 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá à ń tọ́jú arúgbó lóru ní Manchester ńkọ́, tó jẹ́ pé òru mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́, tá a sì ń wà nílé fún ọjọ́ mẹ́ta?

Oníṣirò_Oorun · 10:01 alẹ́

Ẹ wá wákàtí mẹ́rin tẹ́ ẹ máa sùn lójoojúmọ́, yálà ẹ ṣiṣẹ́ lóru tàbí ẹ wà nílé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán sábà máa ń bọ́ sí i. Ìyókù ẹ lè fi kún un níbikíbi. Ṣáájú òru àkọ́kọ́, ẹ sun ìṣẹ́jú 90 nírọ̀lẹ́. Kọfí kó jẹ́ ti ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, ẹ wọ awò dúdú, àfi tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, torí òun náà ń fa oorun. Kọ́tìnì tí kò gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ṣe pàtàkì ju oògùn lọ. Ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà ní wákàtí tí wọn kò gbọ́dọ̀ pè yín. Ọ̀pọ̀ àníyàn òkè òkun ló ń gba ojú fóònù wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní England, ẹ lè fúnra yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí dókítà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nọ́ọ̀sì_Òru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ó ku ti ìgbà tó yẹ kí èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Tí inú èèyàn bá bàjẹ́ tàbí tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ. Tó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró láàárín, tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn oorun ni, èémí kíkà kò lè wò ó. Tó bá ń dìde tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru, ẹ yẹ ṣúgà wò. Àyà dídùn tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ẹ má dúró. Ẹni tó bá sì ń sun wákàtí mẹ́ta tí kò rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó tó sì ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe àníyàn nìyẹn.

Ẹ má bẹ̀rù láti sọ fún dókítà pé "orí mi ń gbóná", "nǹkan ń rìn nínú orí mi". Láti ọdún 1960 ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, ti kọ̀wé lórí irú rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ẹ mú ará ilé kan dání. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954: aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ń wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Yàtọ̀ sí Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù January 2023 ti rọ́pò ti 1958.

Tí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku àti okùn kúrò nílẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù tàbí kẹ́ ẹ pe 112. Ní Britain, 116 123. Ní Amẹ́ríkà, 988.

Ìmọ́lẹ̀_Àárọ̀ · 7:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó bá kà á tán tí kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Olùfetísílẹ̀ · 8:20 àárọ̀

Kó má gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan méjì péré: jíjí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú, àti èémí ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, kó fi ìwé àti báírò kún un. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí oorun kò tíì gún, tí àìsùn rẹ̀ sì ti lé ní oṣù mẹ́ta, kó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ti Oníṣirò_Oorun, àfi tó bá wà lára àwọn tó ní kí wọ́n má dán an wò. Kó má fi òru kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́. Àpapọ̀ òru méje ni kó máa wò. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, kó mú ìwé tó ń kọ yẹn lọ bá dókítà. Ohun tó ti kọ sílẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ ju kó kàn sọ pé "mi ò kì í sùn" lọ.